Ìbéèrè Ló Ń Yan Irinṣẹ́: Bí A Ṣe Ń Dá Àrùn Ẹ̀dọ̀fóró Tó Ṣọ̀wọ́n Mọ̀ Láìla Àyà

(Àsọyé tí mo ṣe níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti ẹbí àwọn aláìsàn ní Ìbàdàn. Mo ti yọ àwọn ibi tí mo ti tún ọ̀rọ̀ sọ kúrò, mo sì fi díẹ̀ kún un lára ìbéèrè tí wọ́n bi mí.)

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ooru. Èmi kì í ṣe irú dókítà tí ẹ máa ń rí nínú wọ́ọ̀dù. Ilé àyẹ̀wò ni mò ń jókòó sí. Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn á mú díẹ̀ nínú ẹran ara rẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú ìgò fọ́málìn, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, wọ́n á kọ orúkọ sí ìgò náà, wọ́n á gbé e wá bá mi, èmi á sì sọ ohun tí mo rí. Ìdí ìgò yẹn ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ lónìí, ẹ má retí pé kí n máa polówó irinṣẹ́ kankan. Ohun tí mo bá wá ni pé ìbéèrè tó wà lọ́kàn dókítà ló yẹ kó yan irinṣẹ́ tí yóò fi mú ẹran. Tí irinṣẹ́ bá kọ́kọ́ dé, tí ìbéèrè ń wọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ẹran tí wọ́n máa gbé wá fún mi lè pọ̀, kó má sì wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àrùn tí kò bá mú ju ènìyàn 5 lọ nínú 10,000 ni wọ́n ń kà sí èyí tó ṣọ̀wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, òfin ló sọ pé àrùn tí àwọn tó ní in kò bá tó 200,000 ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà ni. Tí a bá wá mú ẹ̀dọ̀fóró nìkan, àwọn àrùn tó ń ba awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àárín àpò afẹ́fẹ́ àti iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́ lé ní oríṣi 200. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣọ̀wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ẹ kó gbogbo wọn jọ kí ẹ rí bí èrò ṣe máa kún. Àmì kan náà sì ni púpọ̀ nínú wọn ń fi hàn: ikọ́ gbígbẹ tí kò lọ, èémí tó ń kúrú tí ènìyàn bá gun àtẹ̀gùn, àárẹ̀, ara tó ń joro. Ẹni tó ní wọn á ti mu àgbo, á ti mu oògùn apakòkòrò oríṣiríṣi, wọ́n á ti ní ásímà ni, wọ́n á ti ní ọkàn ni, kó tó di pé ẹnìkan ronú kan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dáadáa.

Kí ló dé tí a fi ń da ara wa láàmú torí orúkọ àrùn? Àrùn kan wà tó ń sọ ẹ̀dọ̀fóró di àpá, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó ń fà á gan-an. IPF ni àwọn dókítà ń pè é, àwọn tó ti lé ní 60 ọdún ló sì sábà máa ń mú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, prednisolone àti azathioprine, àwọn oògùn tó ń dín agbára ìjà ara kù, ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, torí wọ́n gbà pé ara tó ń wú ló ń di àpá. Ìgbà tí wọ́n wá fi ìwádìí tó yè kooro dán ìtọ́jú náà wò ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2012, àwọn tó lo oògùn yìí ló kú ju àwọn tí wọ́n fún ní ayédèrú oògùn tí kò ní agbára kankan lọ, àwọn náà ni wọ́n sì ń gbé padà sí ilé ìwòsàn jù. Bẹ́ẹ̀, prednisolone yìí kan náà lè ṣe ẹlòmíì lóore púpọ̀, bí ẹni tí ìdọ̀tí ẹyẹlé tàbí koríko tó bu ń bá ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jà, tó bá tètè lò ó, tó sì kúrò nídìí ohun tó ń fà á. CT àwọn méjèèjì, ìyẹn àwòrán X-ray tó ń fi inú ara hàn ní ìpele-ìpele, sì lè jọra débi pé àwọn tó ti ń ka àwòrán fún ogún ọdún á máa bá ara wọn jiyàn lé e lórí. Láti 2014 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí pirfenidone àti nintedanib fún IPF. Àwọn yẹn ń dín eré àpá náà kù, wọn kì í wò ó sàn, owó wọn sì ga. Ẹni tí kò ní IPF kò nílò kó máa ta ilẹ̀ nítorí wọn.

Irinṣẹ́ tó kéré jù lọ nínú gbogbo èyí tí mo fẹ́ sọ ni abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ lápá, mi ò sì fẹ́ kí a fò ó. Ẹ wo àrùn tí wọ́n ń pè ní LAM. Obìnrin tí ó ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀ ló sábà máa ń mú. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á kún fún àwọn ihò róbótó-róbótó tí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn, ìhò kan á bẹ́, afẹ́fẹ́ á jò sínú àyà rẹ̀, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, á tún bẹ́. Nígbà kan, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń wá orúkọ àrùn yìí. Ní báyìí, tí CT bá ti fi àwọn ihò náà hàn bó ṣe yẹ, tí èròjà kan tó ń jẹ́ VEGF-D nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá sì tó 800 pg/mL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti tán, kò sí ẹran kankan tí à ń mú mọ́. Oògùn tó ń bá wọn dá ẹ̀dọ̀fóró dúró síbi tó wà, sirolimus, ni ìwádìí ọdún 2011 jẹ́rìí sí. Ara kòkòrò àìfojúrí kan nínú iyẹ̀pẹ̀ erékùṣù Rapa Nui, ní àárín Òkun Pàsífíìkì, ni wọ́n ti rí oògùn ọ̀hún. Ẹ ò rí i pé ayé fẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ̀nà èémí.

Ní 1897, ní ìlú Freiburg ní Jámánì, dókítà kan tó ń jẹ́ Gustav Killian ki ọ̀pá irin gba ẹnu àgbẹ̀ kan wọ ọ̀nà èémí rẹ̀, ó sì bá a yọ egungun ẹlẹ́dẹ̀ tó há síbẹ̀. Ọ̀pá tí kò ṣeé tẹ̀ ni, kò sì lè lọ jìnnà. Ó di 1966 kí Shigeto Ikeda ní Japan tó gbé èyí tó ń tẹ̀ jáde, tí okùn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ ń gbé ìmọ́lẹ̀ wọlé, tó sì ń gbé àwòrán jáde. Ìyẹn ni bronchoscope tí a mọ̀ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kámẹ́rà ti rọ́pò gíláàsì. Púpọ̀ nínú wọn kò nípọn ju mílímítà 6 lọ. Imú tàbí ẹnu ni wọ́n ń gbà wọlé, wọ́n sì ní ihò kan nínú tí dókítà lè gba ibẹ̀ ki irinṣẹ́ mìíràn bọ̀ ọ́.

Irinṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ń ki gba ibẹ̀ ni ẹ̀mú kékeré. Á lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, á ya ẹnu, á bu ẹran díẹ̀, mílímítà kan sí mẹ́ta. Mo ti wo irú ẹran yìí tó pọ̀ gan-an. Bí ẹ̀mú ṣe ń gé e ló ń rún un, àpò afẹ́fẹ́ á ti pa dé mọ́ra wọn, ẹ̀jẹ̀ á ti dà sí i. Tó bá jẹ́ jẹjẹrẹ ni, mo lè rí i. Tó bá jẹ́ granuloma ni, ìyẹn ìṣùpọ̀ àwọn ọmọ ogun ara, mo lè rí i. Àmọ́ nínú IPF àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ohun tí mo nílò ni bí àpá ṣe pín káàkiri: ṣé ẹ̀bá awọ ìta ẹ̀dọ̀fóró ló ti bẹ̀rẹ̀ ni àbí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà èémí, ṣé apá kan ti bàjẹ́ tí èyí tó kàn án ṣì dára, ṣé àpá tuntun wà láàrin èyí tó ti gbó. Kò sí bí mílímítà méjì tó ti rún ṣe lè sọ ìyẹn fún mi. Tí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé pé “ẹran yìí kò tó láti sọ nǹkan kan”, inú dókítà kì í dùn, inú èmi náà kì í dùn.

Kí n tó dé orí èyí tó mú ẹran tó tóbi jáde, ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi. Àwọn ìgbà mìíràn wà tí fífọ apá kan ẹ̀dọ̀fóró tó. Dókítà á ki bronchoscope sínú ẹ̀ka kan títí tí kò fi lè wọlé mọ́, á fi omi iyọ̀ sí i níwọ̀nba, bíi mílílítà 100 sí 300 lápapọ̀, á sì rọra fà á padà. Ní 1958, Rosen, Castleman àti Liebow kọ nípa aláìsàn 27 tí àpò afẹ́fẹ́ wọn kún fún nǹkan kan tó jẹ́ ọ̀rá pẹ̀lú èròjà aṣaralóore, débi pé afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé. Omi tí wọ́n bá fà láti inú irú ẹ̀dọ̀fóró bẹ́ẹ̀ á funfun bí wàrà, tí ẹ bá gbé e kalẹ̀ díẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ìgò. Mo lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ kí n tó tan maikirosikóòpù. Láti 1999 tí àwọn onímọ̀ ní Japan ti rí i pé ara àwọn aláìsàn yìí ló ń gbógun ti èròjà kan tí ẹ̀dọ̀fóró nílò láti fi kó ìdọ̀tí ara rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà ti wà fún un. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ti àrùn yìí ni pé omi tó fi í hàn náà ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀: wọ́n á fi oògùn kun aláìsàn lóorun, ẹ̀dọ̀fóró kan á máa mí, wọ́n á máa fọ èkejì pẹ̀lú omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́rọ́, ó lè tó lítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí omi tó ń jáde á fi mọ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí sarcoidosis, torí òun ni mo rò pé ó kàn wá jù nínú gbogbo wọn. Kò tíì sí ẹni tó lè sọ pé ohun báyìí ló ń fà á. Àwọn ọmọ ogun ara á kóra jọ, wọ́n á ṣùpọ̀, ìṣùpọ̀ yẹn ni à ń pè ní granuloma. Ó lè wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, nínú àwọn kókó tó wà láàrin àyà, nínú ojú, nínú ọkàn, lára awọ. Láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ó wọ́pọ̀ ju ti àwọn aláwọ̀ funfun lọ, ó sì máa ń le lára wọn. Bernie Mac, apanilẹ́rìn-ín tó kú ní 2008, ní in. Reggie White, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó kú ní 2004, ní in. Ọmọ wa tó bá ń wúkọ́ ní Houston tàbí ní Peckham, tí X-ray rẹ̀ fi kókó wíwú hàn láàrin àyà, dókítà rẹ̀ á tètè dárúkọ sarcoidosis. Tó bá jẹ́ ilé níbí ló wà, ikọ́ ife ni gbogbo ènìyàn á kọ́kọ́ dárúkọ, wọn ò sì jẹ̀bi. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 30 tí WHO kà mọ́ ibi tí ikọ́ ife ti pọ̀ jù láyé, a kì í sì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.

Ibi tí ó ti ń dùn mí ni pé a máa ń dúró síbi ikọ́ ife. Wọ́n á yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò, wọn ò ní rí kòkòrò. Wọ́n á ní kó ṣáà lo oògùn ikọ́ ife fún oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà á pé, kókó ò wálẹ̀, wọ́n á ní kòkòrò náà ti gbó sí oògùn. Kò sí ẹni tó tíì fojú kan ohun tó wà nínú kókó náà. Ìdàkejì rẹ̀ tún léwu jù: ká fún ẹni tó ní ikọ́ ife ní prednisolone nítorí pé a rò pé sarcoidosis ni. Ara rẹ̀ kò ní lè jà mọ́, kòkòrò á sì ráyè.

Kókó yẹn, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà èémí ló fara tì, àmọ́ bronchoscope lásán kò lè rí i, torí ìta ògiri ọ̀nà náà ló wà. Tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni: wọ́n á la ọrùn lókè igbá-àyà, wọ́n á ki ọ̀pá wọlé. Lónìí, wọ́n ti fi ẹ̀rọ ultrasound, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún, sí orí bronchoscope. EBUS ni wọ́n ń pè é. Dókítà á fi orí rẹ̀ kan ògiri ọ̀nà èémí, kókó á hàn lójú tẹlifíṣọ̀n, ó dúdú, etí rẹ̀ já geere, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á máa tàn ní pupa àti búlúù kí abẹ́rẹ́ má baà ṣì í gún. Abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ á gba inú ògiri kọjá, dókítà á máa tì í, á máa fà á nínú kókó, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, á sì fà á jáde. Aláìsàn kì í sábà sun oorun àsùnwọra. Oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀ àti èyí tó ń pa ọ̀nà ọ̀fun ní iyè ló sábà máa ń tó, á sì lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo fẹ́ràn kí n wà nínú yàrá náà. Wọ́n á tẹ ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ sórí gíláàsì, màá kùn ún láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, màá wò ó. Tí mo bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, wọ́n á tún gún un. Tí mo bá rí ìṣùpọ̀ náà, màá wo àárín rẹ̀. Ti ikọ́ ife sábà máa ń kú láàrin, á rà. Ti sarcoidosis kì í sábà rà. Mo ní “sábà” o, torí ikọ́ ife máa ń tan ènìyàn jẹ, pàápàá lára ẹni tí HIV ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára. Ìdí nìyí tí ìdajì ohun tó bá wà nínú abẹ́rẹ́ náà fi gbọ́dọ̀ lọ sínú GeneXpert, ẹ̀rọ tí WHO fọwọ́ sí ní 2010 tó ń wá jíìnì kòkòrò ikọ́ ife, tó sì ń dáhùn láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì. Ẹ̀rọ yẹn wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni a kàn sábà ń fi sínú rẹ̀.

Ṣé abẹ́rẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ ju ẹ̀mú lọ? Ní 2013, àwọn oníwádìí gbé èsì jáde lórí aláìsàn 304 tí wọ́n fura pé wọ́n ní sarcoidosis. Nínú àwọn tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ pẹ̀lú ultrasound wò, 80 nínú 100 ni wọ́n rí granuloma lára wọn. Nínú àwọn tí wọ́n fi bronchoscope àti ẹ̀mú wò, 53 ni. Èyí kò sọ pé gbogbo ènìyàn ni kí a gún. Ẹni tí ibà ń ṣe, tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí kókó pupa tó ń dùn yọ sí i lójúgun, tí kókó sì wú lápá ọ̀tún àti òsì nínú àyà rẹ̀, àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ gbà pé a lè máa ṣọ́ ọ láìgún un.

Ó wá ku èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín tìtorí rẹ̀ wá, ìyẹn cryobiopsy. Ọ̀pá otútù ni wọ́n fi ń mú ẹran níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń fi í ṣí ọ̀nà èémí tí jẹjẹrẹ ti dí, kó tó di pé àwọn dókítà ní Jámánì gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró gan-an. Ní 2009 wọ́n kọ nípa aláìsàn 41: fífẹ̀ ẹran tí ẹ̀mú mú kò tó square millimetre 6 lójú gíláàsì, ti ọ̀pá otútù sì lé ní 15.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Aláìsàn á sùn pátápátá, wọ́n á ki ọ̀pá sí ọ̀nà èémí rẹ̀ kí ẹnu ọ̀nà má baà pa dé. Wọ́n á gbé bàlúùnù kékeré kan sí ẹnu ẹ̀ka tí wọ́n fẹ́ mú ẹran níbẹ̀, wọn ò tíì ní fẹ́ ẹ. Ọ̀pá otútù, tí kò nípọn ju mílímítà 2.4 lọ, á gba inú bronchoscope lọ sísàlẹ̀, X-ray á máa fi ibi tó dé hàn. Á dúró ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí awọ ìta ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá sún mọ́ ọn jù, awọ náà lè ya, afẹ́fẹ́ á jò. Tó bá jìnnà jù, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi wà níbẹ̀. Dókítà á fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì. Gáàsì carbon dioxide tí wọ́n fún pọ̀ á tú jáde ní orí ọ̀pá náà, bó ṣe ń gbòòrò ló ń tutù, ó lè lọ sí ìwọ̀n 75 sí 79 nísàlẹ̀ òdo. Ẹnìkan nínú yàrá á máa kà: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrùn-ún. Ẹran tó yí orí ọ̀pá ká á dì mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí ahọ́n ọmọdé tó lá áìsì bulọ́ọ̀kù ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn. Dókítà á fa ọ̀pá àti bronchoscope jáde lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹran náà tóbi ju ihò tí ọ̀pá gbà wọlé lọ.

Ẹ fọkàn sí ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹn. Bronchoscope ti jáde, ojú ti kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, ibi tí wọ́n sì ti já ẹran ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìdí tí bàlúùnù fi wà níbẹ̀ nìyẹn: bí ẹran ṣe ń jáde ni wọ́n ń fẹ́ ẹ, á dí ẹnu ẹ̀ka náà kí ẹ̀jẹ̀ má ṣàn lọ sí ibi tó kù. Ilé ìwòsàn tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí láìsí bàlúùnù tàbí ọ̀nà mìíràn tí wọn yóò fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí ẹ dìde kí ẹ máa lọ sílé. Wọ́n á yọ́ ẹran náà kúrò lórí ọ̀pá nínú omi iyọ̀, wọ́n á rọra gbé e sínú fọ́málìn láìfi nǹkan tẹ̀ ẹ́, á sì dé ọ̀dọ̀ mi ní ọjọ́ kejì.

Tó bá dára, inú mi máa ń dùn láti wò ó. Àpò afẹ́fẹ́ ṣí sílẹ̀, kò rún, mo rí ọ̀nà èémí kékeré láàrin, mo sì rí ohun tó yí i ká. Fún àrùn tí ẹyẹlé tàbí koríko tó bu ń fà, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà èémí ló ń jókòó sí, ẹran yìí bá mi lára mu. Ní ti IPF, tó jẹ́ pé ẹ̀bá awọ ìta ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá náà kì í sábà dé ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ wò.

Ṣé ó tó iṣẹ́ abẹ? Àwọn oníwádìí kò sọ ohun kan náà, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ní Faransé àti Ítálì, wọ́n mú ènìyàn 21, wọ́n fi ọ̀pá otútù mú ẹran lára wọn, wọ́n tún fi iṣẹ́ abẹ mú. Nínú èsì tó jáde ní 2019, ohun tí ẹran méjèèjì sọ bá ara wọn mu nínú 38 péré nínú 100. Kò pẹ́ rárá sí i tí àwọn ará Ọsirélíà gbé tiwọn jáde lórí ènìyàn 65, tí wọ́n pè ní COLDICE. Tiwọn bá ara wọn mu ní nǹkan bíi 71 nínú 100, nígbà tí gbogbo àwọn dókítà sì jókòó pọ̀ tí wọ́n fi CT àti ìtàn aláìsàn kún un, ó di 77. Nínú àwọn tí ọ̀pá otútù mú kí àwọn dókítà ní ìdánilójú, 95 nínú 100 ni iṣẹ́ abẹ náà jẹ́rìí sí. Bí mo ṣe ka ìwádìí méjèèjì sí nìyí: tí ọ̀pá otútù bá sọ̀rọ̀ ketekete, ẹ gbà á gbọ́, tó bá ń kólòlò, ẹ má fipá mú un sọ̀rọ̀. Ní 2022, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ẹ̀dọ̀fóró Amẹ́ríkà, Yúróòpù, Japan àti ti Latin America sọ nínú ìlànà wọn pé a lè fi rọ́pò iṣẹ́ abẹ níbi tí ọwọ́ àwọn tó ń ṣe é bá ti mọ́ ọn.

Iṣẹ́ abẹ náà kì í ṣe eré. Lóòótọ́, ihò kéékèèké ni wọ́n ń lu sí ìhà báyìí, wọn kì í la àyà gbayawu mọ́. Síbẹ̀, ní Amẹ́ríkà láàárín 2000 sí 2011, nínú àwọn tí wọ́n ti ṣètò iṣẹ́ abẹ fún wọn tẹ́lẹ̀, nǹkan bíi 1.7 nínú 100 ni kò jáde láàyè ní ilé ìwòsàn. Àwọn tí wọ́n sáré ṣe é fún ní pàjáwìrì, ó jẹ́ 16 nínú 100. Ọ̀pá otútù ní ewu tirẹ̀: afẹ́fẹ́ ń jò sínú àyà nínú bíi 9 nínú 100, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wọ́pọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó le kò wọ́pọ̀. Ẹni tí ìfúnpá iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti ga gan-an, tàbí tí agbára èémí rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, ẹ má ki ọ̀pá kankan sí i láyà. Ẹ fi ohun tí CT bá sọ tọ́jú rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí kò sí nínú àpótí irinṣẹ́ kankan. Tí wọ́n bá gbé gíláàsì fún mi pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ “ẹ̀dọ̀fóró” sí nìkan, mo lè pè é ní nǹkan tí kì í ṣe. Tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé ẹyẹlé wà lẹ́yìnkùlé obìnrin náà, pé oríkèé ọwọ́ rẹ̀ máa ń le láàárọ̀, pé ó ti ń lo amiodarone fún ọkàn rẹ̀, ohun tí mo rí á yí padà lójú mi. Ìdí nìyí tí àjọrò fi wà: dókítà ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tó ń ka CT, èmi tí mò ń ka ẹran, àti ẹni tó mọ àrùn oríkèé, kí gbogbo wa jókòó ká máa jiyàn. Àjọrò yìí kò náni ju àga, dátà àti àkókò lọ, mo sì ti rí i tó yí orúkọ àrùn padà láìgé ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, tí wọ́n bá bi mí pé kí ni kí ilé ìwòsàn ńlá kan níhìn-ín kọ́kọ́ rà, mi ò ní sọ pé ọ̀pá otútù. Màá sọ pé bronchoscope tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó lè tún un ṣe tó bá bàjẹ́, iná tí kò ní lọ lójijì nígbà tó wà lọ́nà ọ̀fun ènìyàn, lẹ́yìn náà EBUS. Torí ìbéèrè tó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ni pé ṣé ikọ́ ife ni, ṣé jẹjẹrẹ ni, ṣé sarcoidosis ni, abẹ́rẹ́ sì lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀pá otútù lè dé nígbà tí oníṣẹ́ abẹ àyà bá wà nítòsí, tí ẹni tó ń kunni lóorun bá ti mọ ọ̀nà èémí bí ẹní mowó, tí ẹni tó máa ka ẹran náà sì wà. Wọ́n ti lè ya àwòrán gíláàsì náà kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má jẹ́ kí a máa fi ìtìjú pa aláìsàn.

Màmá kan béèrè pé ṣé òótọ́ ni pé tí wọ́n bá ti fi irin kan àrùn, ṣe ló máa ń tàn. Mo ní, ẹ ṣé mà, mo ti gbọ́ ọ nílé tiwa náà. Nínú sarcoidosis, IPF àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí abẹ́rẹ́ máa gbé kiri. Ní ti jẹjẹrẹ, ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé ó tẹ̀ lé ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ohun tó mú kí ó dà bí òótọ́ lójú wa ni pé ìgbà tí àrùn bá ti wọra tán la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ènìyàn lọ fún àyẹ̀wò. Ó mi orí, ó ní òun á tún bi ọmọ òun tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo ní kí ó bi í.

Arákùnrin kan tí wọ́n ti dá ọjọ́ fún ìyàwó rẹ̀ béèrè ohun tó yẹ kí àwọn mọ̀. Mo ní kí wọ́n sọ gbogbo oògùn tó ń lò fún dókítà, pàápàá èyí tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, bíi warfarin àti clopidogrel, torí ó lè pọn dandan kó dá wọn dúró fún ọjọ́ mélòó kan, kó má sì fọwọ́ ara rẹ̀ dá wọn dúró. Kí wọ́n dárúkọ àgbo náà, kí ojú má tì wọ́n. Kó má jẹun láti òru, kí ẹnìkan wà tó máa gbé e padà sílé, torí kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kí wọ́n béèrè bóyá wọ́n máa ya X-ray fún un lẹ́yìn wákàtí bíi méjì, kí wọ́n má sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi wò ó. Ikọ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ kan sí méjì kò burú. Ẹ̀jẹ̀ tó kún ṣíbí, ìrora òjijì ní ìhà, tàbí èémí tó ṣàdédé ń kúrú, kí wọ́n má dúró di ọjọ́ kejì. Ó ní àwọn ní tíkẹ́ẹ̀tì bàlúù sí London ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo ní kí wọ́n lọ bá dókítà tó fẹ́ ṣe é sọ ọ́ báyìí, torí tí afẹ́fẹ́ bá jò sínú àyà rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ wọ bàlúù títí X-ray á fi fi hàn pé ó ti lọ tán, ó sì lè jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa yí, kì í ṣe ọjọ́ àyẹ̀wò.